Ẹ̀gbẹ́ Tí Bàámi Ní Kí N Má Fọwọ́ Kàn

Tí ẹ bá ń wá ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n dúró lé òun lórí bó bá ń ṣiṣẹ́, èmi gan-an nìyẹn. Gbogbo oníbàárà mi ló mọ̀. Bó o bá gbé ọkọ̀ ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, sọ ohun tó ń ṣe é, kó o sì máa lọ sílé ẹ. Bó o bá dúró tì mí, tó o wá ń bi mí pé "ibí yìí ńkọ́, ibẹ̀ yẹn ńkọ́," ohun tí mo máa sọ sí ọ, o ò ní fẹ́ kí ìyàwó ẹ gbọ́ ọ. Wẹ́dà ni mí. Irin ni mo ń gé, irin ni mo ń jó pọ̀, ọwọ́ bàámi ni mo sì ti kọ́ ọ. Wẹ́dà náà ni gbogbo ayé ń pè mí, títí kan ìyá tó bí mi.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ta ni mo fẹ́ lé? Bàámi fúnra wọn ni wọ́n wá dúró lé mi lórí. Ọkọ̀ wọn àtijọ́ ni mò ń tún ṣe, ọkọ̀ tó ti wà kí wọ́n tó bí mi, tí wọ́n máa ń nù láràárọ̀ bí ẹni ń nu ọmọ ìkókó. Òkè ẹ̀ ń dán, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti jẹrà. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà débi pé bí bàámi bá fẹ́ tẹ búrẹ́ẹ̀kì, wọ́n á máa rí títì lábẹ́ bàtà wọn. Wọ́n ní àfi kí n parí ẹ̀ kó tó di Sátidé. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dìde. Wọ́n á dé ẹnu géètì, wọ́n á padà, bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Wọ́n á gbé òòlù mi, wọ́n á wò ó, wọ́n á wá gbé e sílẹ̀ síbi tí n ò ti ní rí i mọ́.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó," mo ní. "Ẹ̀ ń dà mí láàmú."

"Kí ni mo ṣe? Mo kàn ń wò ni."

"Ẹ lọ máa wò nílé."

"Ọ̀dọ̀ dírẹ́bà nìkan o," wọ́n ní. Wọ́n ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi. "Má wulẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibẹ̀ dáa. Èmi ni mo ṣe ibẹ̀ fúnra mi."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ó yẹ kí n ti fura. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi jù láti ronú, òòlù mi ni mò ń wá kiri.

Kí ló wà ní Sátidé? Àbúrò màámi ló ń rìnrìn àjò. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí, màámi ni ẹ̀gbọ́n. Àǹtí ni mo máa ń pe àbúrò wọn yìí. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló ní kí wọ́n wá máa bá òun gbé. Wọ́n ti gbà, wọ́n ti kó àga fáwọn aládùúgbò, wọ́n ti kó ẹrù sínú àpótí. Ẹni tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá ọmọ, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó di gbére. Màámi ò sì bá wọn sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ṣì ń wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún ni wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìsìnkú ẹbí, bí ọ̀kan bá jókòó níwájú, èkejì á lọ sẹ́yìn pátápátá.

Nítorí kí ni? Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Nítorí tíréè ni.

Tíréè tánńganran kan ni, irin ni nínú, wọ́n wá fi ọ̀dà funfun dán an, wọ́n ya òdòdó pupa sí i yíká àti ẹyẹ kan láàárín. Ẹnu ẹyẹ náà ti bó kúrò. Òun nìkan ni ìyá wọn fi sílẹ̀ tó níláárí. Màámi gbé e torí àwọn ni àgbà. Àǹtí, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, máa ń sọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni màmá ní àwọn máa fún ní tíréè yẹn o." Lọ́jọ́ kan, a wá tíréè tì. Màámi tú ilé, wọ́n wá tú àpótí Àǹtí níṣojú gbogbo ayálégbé. Wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú àpótí ọmọ ìyá wọn ná. Àǹtí fi orúkọ ìyá wọn búra. Nígbà tó yá, Àǹtí wá ra tíréè tuntun wá, kí ìjà lè tán. Àṣé ìgbà yẹn gan-an ni ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Màámi ní, "Ẹni tí ò jí i, kí ló ń rọ́pò ẹ̀ fún?" Wọ́n sọ tíréè tuntun náà síta. Wọ́n pe àbúrò wọn lólè, wọ́n pariwo ẹ̀ débi pé ilé kejì gbọ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àǹtí kó ẹrù wọn jáde lọ́jọ́ yẹn, bàámi sì fi ọkọ̀ yìí gbé wọn lọ. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò wọ́n. Àǹtí jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàámi, àpótí wọn wà lẹ́yìn.

Ní ti màámi, lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn. "Ẹni tó ń lọ kó máa lọ. Ṣé èmi ni mo dì í mú?" Ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á gbàgbé ẹ̀ síná títí á fi gbẹ. Bí fóònù bá dún, wọ́n á ti sáré dé ìdí ẹ̀, wọ́n á wo ẹni tó ń pè, wọ́n á wá pòṣé. Bàámi níbí, màámi lọ́hùn-ún. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, èmi tí mo wà láàárín wọn ò sì rí oorun sùn.

Mo ń bá iṣẹ́ lọ. Kí n tó gé ohunkóhun, mo ti fi irin gbọọrọ dábùú ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo jó o mọ́ ọn. Ilẹ̀ ló di ọkọ̀ mú. Bó o bá gé ilẹ̀ kúrò tí o ò fi nǹkan gbé ara ẹ̀ ró, ọkọ̀ á tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé mọ́ láéláé. Mo gé ibi tó jẹrà kúrò, mo lu páànù tuntun títí ó fi bá ibẹ̀ mu, mo wá ń jó o ní tọ́tọ̀tọ́, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, torí bó o bá jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan, iná á ká páànù kò bí ewé gbígbẹ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Tọ́sìdé, ó ku ibi òkè tó wà láàárín ọkọ̀, níbi tí ọ̀dọ̀ dírẹ́bà àti ẹ̀gbẹ́ kejì ti pàdé.

Wàhálà dé nìyẹn. Ẹ̀ta iná máa kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kápẹ́ẹ̀tì sì wà níbẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó gbẹ bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Àfi kí n ká a kúrò. Mo pe bàámi, bàámi ti lọ ra ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun irin. Mo dúró díẹ̀. Ta ni mo ń tàn? Èmi ò mọ ìdúró rárá. Mo ní iná ò kúkú mọ̀ pé bàámi ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ibì kan. Mo tú ìjókòó iwájú, mo gbé e síta, mo ká kápẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi rẹ́ gbogbo abẹ́ ẹ̀, ó ki, kò dọ́gba, ojú ọwọ́ bàámi hàn nínú ẹ̀. Ọ̀dà náà máa gbiná ju kápẹ́ẹ̀tì lọ, àfi kí n ha òun náà. Mo kọ́kọ́ fi òòlù kàn án kí n lè mọ bóyá irin abẹ́ ẹ̀ ṣì lágbára. Irin tó dáa máa ń dún kó. Èyí tó ti jẹrà á dún pòó. Èyí tí mo gbá yìí ò dún kó, kò dún pòó. Ó dún jìn-ìn-ìn, bí abọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ní kíṣìnnì.

Mo tún gbá a. Jìn-ìn-ìn.

Mo fi iná díẹ̀ yọ́ ọ̀dà náà, mo ń fi ọ̀bẹ ha á. Mo rí funfun. Mo rí pupa. Mo ń ha á kíákíá wàyí. Òdòdó ni. Òdòdó kejì tún jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ kan ń wò mí láti ilẹ̀ ọkọ̀ bàámi, ẹyẹ tí ò lẹ́nu.

Kí n má parọ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín náà wá tán lójijì, inú wá bí mi. Mo rántí Àǹtí tí wọ́n máa ń fi bébà wé bisikíìtì fún mi. Wọ́n ti fi orúkọ olè rìn láti ìgbà èwe mi títí mo fi ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, wọ́n sì máa gbé orúkọ náà wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ Sátidé.

Bàámi wọlé pẹ̀lú agolo ọ̀dà lọ́wọ́. Wọ́n rí ìjókòó níta, wọ́n rí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dúró.

"O ti rí i," wọ́n ní.

"Bàámi, kí lèyí?"

Wọ́n jókòó lórí táyà kan. Ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn tí ìdí wọn máa gbélẹ̀.

"Òjò ni," wọ́n ní. "Ihò wà níbẹ̀, omi títì máa ń ta sí ìyá ẹ lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ò ní wọ ọkọ̀ mi mọ́. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, n ò ní páànù kankan nílẹ̀, mo wá rí nǹkan kan tí wọ́n gbé ti ògiri lẹ́yìn kíṣìnnì. Mo fi wọn ihò náà, ó bá a mu rẹ́gí. Wẹ́dà, n ò rí tíréè. Mo fi ìyá mi búra. Páànù ni mo rí."

Ohun tó dùn mí ni pé mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi náà ti gé ìdérí ìkòkò ara mi dí ihò sàlẹ́ńsà oníbàárà rí, ìgbà tí mo fẹ́ dáná ni mo tó rántí. Ẹni tó ń lu irin jẹun, gbogbo ohun tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, páànù ni lójú ẹ̀.

"Ẹ wá rí i pé tíréè ni nígbà tẹ́ ẹ délé."

"Kí n tó délé nírọ̀lẹ́, ìyá ẹ ti tú àpótí àbúrò ẹ̀. Ariwo ti gba ilé kan. Mo ní kí n jẹ́ kínú wọn rọ̀ ná. Inú ò rọ̀. Ó di ọjọ́ kejì, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí ló dé tí n ò sọ ọ́ lánàá. Ó di oṣù kejì..." Wọ́n fọwọ́ nu ojú. "Ó kàn ń wúwo sí i ni."

"Ẹ wá fẹ́ fi ọkọ̀ yìí kan náà gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú."

"Mo fẹ́ sọ ọ́ fún wọn lójú ọ̀nà."

"Lójú ọ̀nà pápákọ̀!" Mo ti ń pariwo. "Kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n wọlé lọ, kó parí síbẹ̀? Kí màámi sì wà níhìn-ín máa pè wọ́n lólè lọ? Bàámi, ojo ni yín!"

N ò bá bàámi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Wọn ò bínú. Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù.

"Jó páànù tuntun lé e lórí, Wẹ́dà," wọ́n ní. "Mo bẹ̀ ọ́. Bo ibẹ̀ fún mi. Mo máa sọ ọ́ nígbà tó bá yẹ."

"Ìgbà wo ló máa yẹ, bàámi? Ọ̀túnla ni wọ́n ń lọ!"

A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí màámi yọ lẹ́nu géètì, fúláàsì tíì lọ́wọ́ wọn. Màámi tí wọn kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ní èéfín irin máa ń fọ́ àwọn lórí. Wọ́n kí wa, wọ́n gbé fúláàsì sílẹ̀, wọ́n tún gbé e sí ibòmíràn. Wọ́n rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fọwọ́ lu búùtù ẹ̀.

"Búùtù yìí," wọ́n ní, "ṣé ó lè gba àpótí tó tóbi? Àpótí mẹ́ta, ká ní."

"Àpótí ta ni, màámi?"

"Mo kàn béèrè ni! Ṣé èèyàn ò lè béèrè nǹkan mọ́ ni?"

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Bàámi ti dìde, wọ́n lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n na apá méjèèjì.

"Bàbá wọn, kí lẹ dúró síbẹ̀ bí ọlọ́pàá fún?" màámi ní. "Ẹ yà fún mi. Ẹ jẹ́ n wo ibi tẹ́ ẹ ti bá iṣẹ́ dé."

Bàámi yà fún wọn.

Mo ti ń múra sílẹ̀ fún igbe. Màámi ò ké. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìdọ̀tí irin, wọ́n na ọwọ́ wọlé, wọ́n fi ìka kan ibi tó yẹ kí ẹnu ẹyẹ náà wà.

"Èmi ni mo fọ́ ọ lẹ́nu," wọ́n ní jẹ́jẹ́. "Nígbà tá a wà lọ́mọdé. Àbúrò mi ni wọ́n nà nítorí ẹ̀."

Wọ́n yíjú sí bàámi. "Ìwọ," wọ́n ní.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n ò gbọ́ kí màámi pe bàámi ní ìwọ rí, kódà nínú ìjà.

"Gé e fún mi, Wẹ́dà."

Mo gé e. Ariwo ẹ̀rọ mi gba gbogbo ibẹ̀, màámi ò bo etí wọn. Nígbà tí tíréè náà jáde, etí ẹ̀ rí jáńgajàǹga, ọ̀dà dúdú lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ibi tó ti wà sì di ihò tí mo lè ki orí bọ̀. Màámi tú ìborùn wọn, wọ́n fi wé e bí ẹni ń wé ọmọ.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n fi páànù dí ibẹ̀ ná. Kí n tilẹ̀ parí ibi àárín yìí. Kò ní pẹ́."

"Ibi àárín, jó o. Ihò yẹn, tó o bá dí i, má pè mí ní ìyá ẹ mọ́. Ìwọ ló máa wà á. Èmi máa jókòó sẹ́yìn. Bàbá ẹ, iwájú."

"Kò sí ilẹ̀ níwájú, màámi."

"Ṣé mo fọ́jú ni?"

Mo jó ibi àárín, mo gé irin tí mo fi dábùú ẹnu ilẹ̀kùn kúrò, mo dá ìjókòó padà. Bàámi wọlé, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, wọ́n fi ọwọ́ gbá orúnkún mọ́ra. Báyìí la ṣe jáde sí títì. Títì ń sáré kọjá lábẹ́ wọn, òkúta ń ta wọlé, eruku ń rú. Níbi tá a ti dúró de ọkọ̀ mìíràn, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ wa, ó wo bàámi, ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Bí Àǹtí ò bá ṣílẹ̀kùn ńkọ́? Bí wọ́n bá rí màámi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn padà ńkọ́? Mò ń tẹ iná ọkọ̀, màámi sì ń sọ láti ẹ̀yìn pé, "Sáré díẹ̀ sí i, kí lo ń rìn bí ìgbín fún?"

Àǹtí ṣílẹ̀kùn. Wọ́n rí màámi. Wọn ò ní ká wọlé, wọn ò sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n kàn fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n padà sínú yàrá, a sì tẹ̀ lé wọn. Kò sí àga mọ́ níbẹ̀, àpótí mẹ́ta tó dúró ní ìlà àti bẹ́ẹ̀dì tó kù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nìkan ló wà. Ibi tí wọ́n máa ń gbé àwòrán kọ́ sí lára ògiri, ojú ẹ̀ funfun ju ìyókù lọ.

Màámi tú ìborùn. Àǹtí wo ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n wò ó.

"Níbo lẹ ti rí i?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ láti ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Màámi kọjú sí bàámi. "Sọ fún un."

Bàámi dúró ti ògiri, wọ́n ká fìlà wọn mọ́ ọwọ́, wọ́n sọ gbogbo ẹ̀. Òjò, ihò, àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọn ò gbé ara wọn lẹ́yìn nínú ẹ̀, mo gbóríyìn fún wọn fún ìyẹn nìkan. Nígbà tí wọ́n sọ tán, Àǹtí ní:

"Ọkọ̀ yẹn náà lẹ fi gbé mi kúrò lọ́jọ́ náà."

"Òun náà ni."

"Iwájú ni mo jókòó sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ mi wà lórí ẹ̀."

Bàámi tún ká fìlà wọn mọ́ ọwọ́.

"Mo sunkún láti ilé yín títí dé ibi tẹ́ ẹ gbé mi lọ," Àǹtí ní. Ohùn wọn ò sókè rárá. "Ẹ yọ aṣọ ìnujú lápò fún mi. Ẹ ní kí n ní sùúrù, pé ó máa yanjú. Ẹsẹ̀ mi sì wà lórí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn."

Ibẹ̀ ni màámi ti kúnlẹ̀. Àǹtí pariwo, wọ́n di màámi lápá mú.

"Ẹ dìde! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"N ò ní dìde. Ẹni tó tú àpótí ọmọ ìyá ẹ̀, ẹ̀gbọ́n wo ló kù lára ẹ̀? Má bínú, àbúrò mi. Má bínú. Èmi náà ni mo fọ́ ẹyẹ yìí lẹ́nu, ìwọ ni wọ́n nà, n ò sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀," Àǹtí ní.

"O mọ kí ni?"

"Mo rí yín nígbà tẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà."

"Kí ló wá dé tó o jẹ́ kí wọ́n nà ọ́?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀gbọ́n mi ni?" Àǹtí ní, àwọn náà sì kúnlẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra wọn níbẹ̀, wọ́n ń sunkún bí àwọn tí ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo fa bàámi lápá, a jáde.

Màámi ò bá wa padà lọ́jọ́ náà. Wọ́n sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn pẹ̀lú àbúrò wọn títí di àárọ̀ Sátidé. Mo ti lu páànù sílẹ̀ fún ihò náà lọ́jọ́ Fúráìdé, ó bá a mu dáadáa, wákàtí díẹ̀ ni mo máa fi jó o. Mo pe màámi lórí fóònù, mo ní ṣé kí n jó o. Wọ́n ní kí n gbé páànù náà ti ògiri.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ sí pápákọ̀. Àpótí mẹ́ta wọ búùtù. Àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti èkejì, wọ́n fẹ́ sọ ti gbogbo ọdún yẹn tán kí n tó rí ibi tí mo máa gbé ọkọ̀ sí. Bàámi wà níwájú, ẹsẹ̀ wọn wà lókè. Nígbà tá a kó ẹrù sílẹ̀, Àǹtí ṣí àpótí kan, wọ́n gba tíréè náà lọ́wọ́ màámi, wọ́n tì í bọ àárín aṣọ.

"Kí lò ń ṣe?" màámi ní.

"Ẹ ti pè mí lólè nítorí ẹ̀ tipẹ́," Àǹtí ní. "Ẹ kúkú jẹ́ kí n jí i."

Màámi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu wọn. "Jí i," wọ́n ní. "Jí i, àbúrò mi. Máa gbé e lọ."

Bàámi sún mọ́ wọn. Wọ́n ní kí Àǹtí jọ̀ọ́, kí wọ́n dárí ji àwọn. Àǹtí wò wọ́n látòkè délẹ̀. "Mo ti gbọ́," wọ́n ní. Wọ́n ti ẹrù wọn, wọ́n ń juwọ́ sí màámi títí wọ́n fi wọlé, a ò sì rí wọn mọ́.

A padà sídìí ọkọ̀. Màámi wọ ẹ̀yìn, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ṣe jókòó nígbà tá à ń bọ̀. Bàámi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ń fi ọwọ́ ra orúnkún wọn.

"Ṣé mo lè jókòó lẹ́yìn báyìí?" wọ́n ní. "Àyè ti wà níbẹ̀."

Màámi gbé ọwọ́ lé ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹnìkan ló ni ibẹ̀," wọ́n ní.

Bàámi lọ síwájú. Mo dúró títí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, mo wá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.